Òfurufú ti tutù tẹ́lẹ̀, fíríìjì wo ni wọ́n tún gbé lọ síbẹ̀?

Mọlará_Tanke
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ń kà nípa James Webb, awò ńlá tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀, tí wọ́n fi rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé lọ sófurufú lọ́jọ́ Kérésì 2021, ni mo bá ka ibi tí wọ́n ti sọ pé fíríìjì wà nínú ẹ̀. Fíríìjì o! Wọ́n ní ọ̀kan lára àwọn sẹ́ńsọ̀ inú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní MIRI kò lè ṣiṣẹ́ àfi tó bá tutù dé kẹ́lífìn 7, ìyẹn fi dígíríì 266 rẹlẹ̀ sí ibi tí omi ti ń di yìnyín. Mo wá ń bi ara mi pé ṣebí òkè yẹn ti tutù tẹ́lẹ̀ ni? Ta ló ń gbé fáànù lọ Jọ́ọ̀sì lásìkò ọyẹ́? Mo fi han bùọ̀dá mi tó ń tún fíríìjì ṣe ní Táíwò, ó ní irọ́ gbuu ni, pé kò sí kọ̀mpírẹ́sọ̀ tó máa ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́wàá níbi tí ẹnikẹ́ni ò lè dé tú u. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó jọ̀ọ́ là wá lóye, ṣùgbọ́n ẹ má fi gírámà pa mí o.

Dógo_Gàmbàrí
Kí wọ́n wá lo oṣù kẹta kan péré ní Ìlọrin, wọ́n á mọ ẹni tó nílò fíríìjì láàárín àwa àti awò wọn. Mo ti fìdí kalẹ̀ síbí o, ẹ máa bọ̀.

Tíṣà_Òmù
Mọlará, ìbéèrè tó dáa ni, àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Òmù-Àrán náà máa ń bi mí. Ọ̀rọ̀ òtútù òkè yẹn ń tan èèyàn ni. Tí o bá dúró nínú ọyẹ́, afẹ́fẹ́ ló ń gba ooru kúrò lára rẹ tó ń gbé e lọ. Lókè yẹn, afẹ́fẹ́ dà? Kò sí. Rántí fúláàsì tí màmá rẹ máa ń da omi tíì sí lálẹ́ nítorí sàárì. Èmi ti fọ́ ọ̀kan rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìyà tí mo jẹ lọ́jọ́ yẹn ni ò jẹ́ kí n gbàgbé bí inú ẹ̀ ṣe rí: ìgò méjì ni, ọ̀kan wà nínú èkejì, ó ń dán bíi dígí, wọ́n sì ti fa afẹ́fẹ́ àárín wọn jáde pátápátá. Omi tí wọ́n dà sí i láago mẹ́wàá alẹ́ á ṣì máa bó èèyàn létè láago mẹ́rin ìdájí. James Dewar ló kọ́kọ́ ṣe irú ìgò yẹn ní 1892, kì í sì í ṣe nítorí tíì, àwọn gáàsì tó ti sọ di omi tútù nini ló fẹ́ tọ́jú sínú ẹ̀.

Bí sátẹ́láìtì ṣe wà lófurufú nìyẹn, omi tíì nínú fúláàsì ni. Kọ̀ǹpútà inú ẹ̀ ń gbóná, bátìrì ń gbóná, oòrùn ń pa á lójú kan, ooru yẹn ò sì ríbi gbà jáde àfi kó máa tàn jáde díẹ̀díẹ̀ lára ẹ̀.

Ìdí tí sẹ́ńsọ̀ yẹn fi gbọ́dọ̀ tutù wá rèé. Ohunkóhun tó bá ní ooru lára, ó ń tan ìmọ́lẹ̀ kan tójú ò rí, òun ni ínfúrárẹ́ẹ̀dì. William Herschel ló bá a pàdé ní 1800, ó fi gíláàsì tú ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí àwọ̀ lóríṣiríṣi, ó gbé tẹmọ́mítà sí ẹ̀yìn àwọ̀ pupa níbi tí ojú ò ti rí nǹkan kan, tẹmọ́mítà ṣì ń gòkè. Èmi àti ìwọ ń tàn án báyìí, ògiri ń tàn án, sẹ́ńsọ̀ fúnra ẹ̀ náà ń tàn án. Tí o bá wá fẹ́ fi sẹ́ńsọ̀ tó gbóná wo ìràwọ̀ tó jìnnà tó tutù, o dà bí ẹni tó ń wá tanátaná nínú oko lóru tó sì gbé àtùpà gáàsì rù sórí ara ẹ̀. Pa àtùpà orí rẹ ná. Iṣẹ́ fíríìjì yẹn nìyẹn.

Engr_Táíwò_Ìsàlẹ̀
Èmi gan-an ni bùọ̀dá tí Mọlará ń fẹjọ́ ẹ̀ sùn. Tíṣà, ẹ ṣeun, ti fúláàsì yẹn yé mi, n ò bá yín jiyàn lórí ẹ̀. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ ni tèmi. Ọdún kejìdínlógún rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ n sọ nǹkan tí mo fojú rí. Lánàá mo fi gíráìńdà gé kọ̀mpírẹ́sọ̀ fírísà kan, ọ́ìlì inú ẹ̀ ti dúdú bíi ti ọ̀kadà tí wọn ò ṣe sáfíìsì fún lọ́dún kan, mo yọ písítìn, mo fi èékánná gbá a lára, ilà ti wà lára ẹ̀ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èékánná mi ń kọ́ sínú ilà yẹn. Irin tó bá ń fara ra irin, àfi kó jẹ ara wọn, ọ́ìlì kàn ń bẹ̀ wọ́n kó má tètè rí bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wá sọ fún mi, níbi òtútù tí ẹ ń sọ yẹn, ọ́ìlì wo ni ò ní dì bíi àbẹ́là? Tó bá dì nínú páìpù tó tín-ín-rín, ó parí nìyẹn. Tí gáàsì bá ń jò ńkọ́? Ta ló máa gun òkè lọ fi fọ́ọ̀mù ọṣẹ wá ibi tó ti ń jò? Ẹ dá mi lóhùn.

Ìyá_Òkú_Èkó
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọgbọ́n o. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. Kí ló dé tí wọn ò kàn gbé áìsì bulọ́ọ̀kù dání? Èmi tó ń ta ẹja ní Ìpàtá, láti Jímọ̀ tí wọ́n ti gbé fírísà mi lọ tún ṣe ni mo ti ń ra bulọ́ọ̀kù méjì láràárọ̀ tí mo ń fọ́ ọ sínú kúlà, ẹja mi ò sì tíì bàjẹ́.

Ṣàkíráh_E
Salaam aleikum. Mo ń ṣe másítà lórí ìmọ̀ físíìsì, mo sì ti ń ka nǹkan wọ̀nyí bí ọdún méjì, ẹ jẹ́ n dá sí i.

Màmá, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe nìyẹn o! Awò kan tó ń jẹ́ IRAS tí wọ́n jù sókè ní January 1983, hílíọ̀mù olómi ni wọ́n rọ sínú ẹ̀ bí ẹ ṣe ń to áìsì sí kúlà, nígbà tó máa fi di November ọdún yẹn hílíọ̀mù ti tán, iṣẹ́ sì parí. Oṣù mẹ́wàá. Awò míì, Spitzer, ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀, August 2003 ló gòkè, tiẹ̀ tán ní May 2009, lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n kàn ń fi ìwọ̀nba ojú tó kù fún un wo nǹkan títí di 2020. Awò Herschel (orúkọ baba tí Tíṣà dárúkọ ni wọ́n fún un) gbé ju lítà 2,300 lọ, kò tó ọdún mẹ́rin tó fi gbẹ. Èyí tó dùn mí jù ni ti NICMOS, kámẹ́rà kan lára awò Hubble. Náítírójìn tó ti dì gbagidi ni wọ́n kó sínú tiẹ̀ ní 1997, wọ́n ní á lò ju ọdún mẹ́rin lọ, áìsì yẹn wú, ó ti ìkòkò tó wà nínú ẹ̀ títí ó fi lọ kan ibi tó gbóná. Kó ṣáà ti kanra báyìí ni, ooru ti rọ́nà wọlé, ó tán ní January 1999. Ìgbà tó di 2002 ni àwọn tó lọ tún Hubble ṣe gbé fíríìjì kékeré kan lọ fi sí i, ó ń fi gáàsì níọ́ọ̀nù tutù, kámẹ́rà yẹn sì jí padà.

Ìyàtọ̀ ẹni tó ń ra bulọ́ọ̀kù àti ẹni tó ní fírísà ló wà ńbẹ̀ Màmá. Tí bulọ́ọ̀kù bá tán lókè yẹn, kò sẹ́ni tó máa ta òmíì fún wọn.

Ìyá_Òkú_Èkó
Ọ̀rọ̀ rẹ wọlé ọmọ mi. Bulọ́ọ̀kù ti fẹ́ gbé owó mi lọ tán.

Ṣàkíráh_E
Ẹ̀gbọ́n Engr, tiyín ló kàn. Wallahi ohun tẹ́ ẹ sọ nípa irin tó ń ra irin, òun gan-an ni ìjà tí wọ́n bá jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, òtútù gan-an kọ́ ló le fún wọn.

Èkíní, gáàsì tiwọn kì í di omi kó tún di gáàsì bíi ti fíríìjì ilé. Hílíọ̀mù ni, gáàsì ló ń jẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ ti fi póńpù fẹ́ bọ́ọ̀lù rí àbí? Ìdí póńpù á gbóná, torí pé ẹ fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Tí ẹ bá wá jẹ́ kí gáàsì tẹ́ ẹ fún pọ̀ tú ara sílẹ̀ níbòmíì, ibẹ̀ á tutù. Wọ́n á fún un pọ̀ lápá ibí kí ooru jáde níbí, wọ́n á jẹ́ kó tú ara sílẹ̀ lápá ọ̀hún kí ọ̀hún tutù, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa ṣe é lọ ṣe é bọ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín sẹ́kọ́ńdù kan. Robert Stirling, pásítọ̀ kan ní Scotland, ló gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tí ọgbọ́n yìí ti wá ní 1816, kò tiẹ̀ ní òtútù lọ́kàn, ẹ́ńjìnì ló ń ṣe.

Ohun tó jẹ́ ẹ̀mí ẹ̀rọ yẹn ni nǹkan kan tó wà láàárín apá gbígbóná àti apá tútù, wáyà wẹ́wẹ́ tí wọ́n hun bí asẹ́ ni, wọ́n to ó léra jọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Tí gáàsì bá ń lọ sápá tútù, á fi ooru ara ẹ̀ sílẹ̀ sínú asẹ́ yẹn, tó bá ń bọ̀ á tún gbé e. Bí a ṣe ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, tí a bá ń jáde a wọ̀ ọ́. Bàtà ò wọ inú, ẹrẹ̀ ò wọ inú.

Ti ọ́ìlì: kò sí ọ́ìlì níbẹ̀ rárá. Àwọn ará Oxford ló rí ọ̀nà ẹ̀. Wọ́n gé irin pẹlẹbẹ róbótó, wọ́n la ojú ọ̀nà sára ẹ̀ yípoyípo bíi ìkarahun ìgbín, wọ́n fi méjì di písítìn mú níwájú àti lẹ́yìn. Irin yẹn gbà kí písítìn máa lọ síwá sẹ́yìn ṣùgbọ́n kò gbà kó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rárá, písítìn kàn ń léfòó láàárín sílíńdà ni, kò kanra níbì kankan. Àlàfo àárín wọn tín-ín-rín ju irun orí lọ dáadáa, tí gáàsì fi máa rò ó pé òun fẹ́ gba ibẹ̀ sá, písítìn ti ń padà bọ̀. Kò sí kíráńkì, kò sí béárìn, ohun tó ń tì í dà bí kọ́ìlì tó wà lẹ́yìn sípíkà. Irú ẹ̀ gòkè pẹ̀lú sátẹ́láìtì UARS ní 1991.

Engr_Táíwò_Ìsàlẹ̀
Hẹ̀n-ẹ́n. Ẹ dúró ná.

Mo ka èyí lẹ́ẹ̀mẹta. Ti sípíkà yẹn dáa, mo gbà. Mo ti tú sípíkà rí, kọ́ìlì ẹ̀ kì í kan mágnẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ tó bá kàn án ló ń dún ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ṣì wà lọ́kàn mi. Hílíọ̀mù yẹn, ṣé kì í ṣe ti bàlúù ọjọ́ ìbí? Bàlúù tí wọ́n so mọ́ àjà lálẹ́ tó máa sùn sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì? Tí rọ́bà ò bá lè dá a dúró, páìpù wo? Ìkejì, písítìn tó ń lọ tó ń bọ̀ á máa gbọn gbogbo ilé. Gbé ọwọ́ lé kọ̀mpírẹ́sọ̀ ilé rẹ kó o rí i, kí wọ́n wá so kámẹ́rà tó ń wo ìràwọ̀ mọ́ ọn?

Ọmọ_Ìjàkadì
Ti gbígbọ̀n yẹn, jẹ́ kí ará Ọ̀fà dáhùn ẹ̀. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, tí ọkùnrin méjì bá fàyà kọ ara wọn tágbára wọn sì dọ́gba, ṣé wọ́n ń kúrò lójú kan? Písítìn méjì ni wọ́n ń lò, wọ́n dojú kọ ara wọn, tí ọ̀kan bá ń bọ̀ lápá ọ̀tún, èkejì ń bọ̀ lápá òsì, ìwọ ta mí èmi ta ọ́, ilé ò mì.

Ṣàkíráh_E
😂😂 Òótọ́ ni o, ẹ ṣeun. Kó tiẹ̀ tún lè dúró jẹ́ẹ́ sí i, wọ́n yọ irin tó ń rìn kúrò lápá tútù pátápátá. Páìpù òfìfo lásán ló wà níbẹ̀, gáàsì fúnra ẹ̀ ló ń lọ tó ń bọ̀ nínú ẹ̀ bíi písítìn. Gifford àti Longsworth ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1960 sí 1970, kò lágbára nígbà yẹn, àfi ìgbà tí Mikulin àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Sófíẹ́ẹ̀tì lu ihò kékeré kan sí ìdí ẹ̀ ní 1984 kí rírìn gáàsì àti ìfúnpá lè bára mu lásìkò. Ihò kan ṣoṣo ni o!

Ti jíjò, ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ máa dá ara yín lóhùn. Fíríìjì wo ló máa ń jò, èyí tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè àbí èyí tí wọ́n jó pa?

Engr_Táíwò_Ìsàlẹ̀
Èyí tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè ni. Èyí tí wọ́n jó pa dáadáa ní kọ́ńpìnnì, mo mọ̀ tó ti lé lógún ọdún tí ẹnì kankan ò fi gáàsì sí i rí. Ó dáa. Mo ti gbọ́.

Tíṣà_Òmù
Ṣàkíráh, o ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n má jẹ́ ká tan Engr. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ń léfòó. Àwọn tó kéré jù tó sì rọjú, tí wọ́n máa ń fi sínú kámẹ́rà ológun, ṣì wà tó ní kíráńkì àti béárìn, wọ́n sì ń jẹra. Ẹ̀rọ CRISM tí wọ́n gbé lọ yí Mars po ní 2005, mẹ́ta irú fíríìjì kékeré bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi sí i kó lè jẹ́ pé tí ọ̀kan bá kú òmíì á gbà á, wọ́n kú tẹ̀lé ara wọn títí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi tán, apá tó ń wo ínfúrárẹ́ẹ̀dì nínú ẹ̀ ò sì ṣe é lò mọ́.

Engr_Táíwò_Ìsàlẹ̀
ṢÉ MO SỌ!!! Mọlará, ṣé o rí i? Mo sọ bí ò sọ?

Mọlará_Tanke
Ẹ sọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ìdajì lẹ sọ.

Dógo_Gàmbàrí
Ìbéèrè tèmi ni iná. Èmi tí fíríìjì kékeré kan ń lu sólà mi nílùkulù.

Ṣàkíráh_E
Ibẹ̀ ló ti ń dunni jù. Òfin ìṣẹ̀dá ti dá owó orí lé òtútù. Ká ní ibi tí ooru ti ń jáde wà ní kẹ́lífìn 300, bí ooru Ìlọrin lásán báyìí. Tí o bá fẹ́ gbé ooru wáàtì 1 kúrò níbi tó wà ní kẹ́lífìn 77 tí náítírójìn ti ń hó, kódà kí ẹ̀rọ rẹ má lálèébù kankan, o máa san nǹkan bíi wáàtì 3. Tó bá jẹ́ kẹ́lífìn 7 bíi ti MIRI, wáàtì 42 fún wáàtì 1 yẹn náà. Ẹ̀rọ gidi sì lálèébù, àwọn kékeré máa ń jẹ iná ní ìlọ́po mélòó kan ju iye yẹn lọ. Àti pé gbogbo iná tí o jẹ yẹn, ooru ló máa dà, o tún gbọ́dọ̀ wá bí á ṣe tàn jáde sófurufú.

Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi gbé kọ̀mpírẹ́sọ̀ sítòsí MIRI. Ó wà lápá ibi tí oòrùn ń pa, wọ́n wá fa páìpù bíi mítà mẹ́wàá gba inú ibòòji ńlá tí wọ́n ta sára Webb kí oòrùn má pa á kọjá lọ bá sẹ́ńsọ̀ lápá kejì.

Engr_Táíwò_Ìsàlẹ̀
Éésì onísípílíìtì nìyẹn náà! Ìta wà níta, inú wà nínú, páìpù ló so wọ́n pọ̀. Kí ló dé tẹ́ ò ti sọ bẹ́ẹ̀ látàárọ̀?

Tíṣà_Òmù
Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Àwọn sẹ́ńsọ̀ yòókù nínú Webb ò tiẹ̀ nílò ẹ̀, ibòòji nìkan tó wọn. Abala márùn-ún ni, ó fẹjú tó pápá tẹ́nìsì, èyí lásán ti ń mú wọn tutù dé nǹkan bíi kẹ́lífìn 40. Ooru tí MIRI ń wò ló rẹlẹ̀ ju ti wọn lọ tó fi nílò fíríìjì lé e.

Ọmọ_Ìjàkadì
Tiwa ńkọ́? Ṣé sátẹ́láìtì Nàìjíríà ní fíríìjì?

Ṣàkíráh_E
Rárá o. NigeriaSat-1 tó gòkè ní September 2003, àwọ̀ ewéko, pupa, àti ínfúrárẹ́ẹ̀dì tó sún mọ́ pupa ló ń wò nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ta padà lára ilẹ̀ nìyẹn, ó pọ̀ yanturu, kò nílò òtútù kankan. Tí o bá fẹ́ rí ooru ilẹ̀ fúnra ẹ̀, bíi iná ìgbẹ́ tó máa ń jó oko wa lápá Ìgbómìnà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, sẹ́ńsọ̀ kan wà tí kò nílò fíríìjì, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n mú tutù máa ń rí ìyàtọ̀ tó kéré gan-an.

Ìyẹn ni mo fi ń ka ìwé ẹ̀. NigeriaEduSat-1, sátẹ́láìtì tí àwọn yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́ lọ́wọ́ sí ní 2017, sẹ̀ntímítà mẹ́wàá ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, ó kéré ju páálí bàtà lọ. Iná tí sólà tó kéré báyẹn ń mú wá kò ju wáàtì díẹ̀ lọ. Báwo lo ṣe máa fi fíríìjì sínú ẹ̀? Lockheed Martin ti ṣe èyí tí kò tó ìdajì kílò, tí ò ní irin tó ń rìn lápá tútù. Ó wọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n iná tó ń jẹ ṣì pọ̀ fún páálí kékeré, àfi kí wọ́n fi sínú èyí tó tóbi ní ìlọ́po mélòó kan, tàbí kí wọ́n má máa tàn án nígbà gbogbo.

Engr_Táíwò_Ìsàlẹ̀
Ọmọ mi, mo kí ọ. Irin róbótó tí wọ́n là bí ìgbín yẹn ni mi ò tíì rí rí. Ṣé o lè yà á fún mi? Àwọn ọmọ tó ń gé irin pẹlẹbẹ ò jìnnà sí mi, a lè gé ọ̀kan wò. Wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ Sátidé, ìwọ àti Mọlará, tí ẹ bá ti kọjá àwọn tó ń ta táyà ní Táíwò, ẹ máa rí pátákó búlúù tí wọ́n ya penguin sí, fírísà funfun ńlá kan wà níwájú ẹ̀. Màá fi písítìn tí mo gé lánàá yẹn hàn yín.

Ìyá_Òkú_Èkó
Pátákó búlúù tó ní ẹyẹ? Fírísà funfun tó ya lápá òsì ìdérí?

Engr_Táíwò_Ìsàlẹ̀
...

Ìyá_Òkú_Èkó
Ìwọ ni mò ń bá wí. Láti Jímọ̀ tí mo ti ń pè ọ́!

Engr_Táíwò_Ìsàlẹ̀
Màmá, ẹ káalẹ́ mà. Ẹ má bínú. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ yín ni mo gé yẹn. Mo ti ra òmíì, mo fẹ́ jó o mọ́ ọn láàárọ̀ ọ̀la, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ màá ti gbé e wá sí Ìpàtá, ìnṣá Allah.

Dógo_Gàmbàrí
Ẹ kú ewu bulọ́ọ̀kù Màmá 😂 ẹ bá mi fi Òkú Èkó mẹ́rin pa mọ́.